Wíwọn Ìpalára Ọ̀nà Ìṣẹ̀dá Kẹ́míkà fún Àyíká

1. Ohun tí à ń wọ̀n

Ìṣẹ̀dá kẹ́míkà ni iṣẹ́ yíyí èròjà kan padà di òmíràn tí ó wúlò: oògùn, aró, ajílẹ̀, ike, òróró ìkunra, oògùn apakòkòrò. Ó ṣọ̀wọ́n kí ohun tí à ń wá dá nìkan jáde. Iyọ̀, ásíìdì, gáàsì, omi tí ó ti dọ̀tí àti olómi tí a fi yọ́ èròjà máa ń bá a jáde, ibì kan ni gbogbo wọn yóò sì gbà lọ: inú odò, inú ilẹ̀, inú afẹ́fẹ́, tàbí inú ààrò tí a ti ń sun pàǹtí.

Ọ̀nà méjì lè mú oògùn kan náà jáde. Mólékù tí ọ̀nà kìíní ṣe àti èyí tí ọ̀nà kejì ṣe kò ní yàtọ̀ síra rárá, aláìsàn tí ó lò ó kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá lè wà nínú ohun tí ọ̀nà méjèèjì fi sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ ìyàtọ̀ yìí ni orí yìí dá lé.

Ní ọdún 1998, Paul Anastas àti John Warner, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ìlànà 12 kalẹ̀ fún ohun tí a mọ̀ sí kẹ́mísìrì aláwọ̀ ewé. Èyí àkọ́kọ́ nínú ìlànà náà sọ pé ó sàn kí a má ṣe dá pàǹtí sílẹ̀ ju kí a dá a sílẹ̀ tán kí a tó máa wá bí a ó ṣe palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn yòókù sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣún átọ̀mù lò, yíyẹra fún májèlé, dídín agbára kù, lílo èròjà tí ó lè hù padà, àti dídènà jàǹbá. Ìlànà wọ̀nyí ń tọ́ka sí ibi tí ó yẹ kí a kọjú sí, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí a ti rìn jìnnà tó. Òṣùwọ̀n ni ó ń sọ ìyẹn. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ẹnikẹ́ni lè pe ọ̀nà tirẹ̀ ní èyí tí kò pa àyíká lára, kò sì ní sí ẹni tí yóò lè já a ní koro.

2. Ìdá èso àti ìṣúnlò átọ̀mù

Fún ìgbà pípẹ́, ohun kan ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì fi ń dá iṣẹ́ mọ̀: ìdá èso. Èyí ni ìwọ̀n èso tí a rí gbà gan-an, tí a fi wé ìwọ̀n tí ìdọ́gba kẹ́míkà sọ pé ó yẹ kí a rí, lórí ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá yẹ kí a rí gíráàmù 18, tí a sì rí gíráàmù 14.4, ìdá èso jẹ́ 80%.

Òṣùwọ̀n yìí wúlò, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan pamọ́. Ìyípadà kẹ́míkà lè fún wa ní ìdá èso 100%, kí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwúwo èròjà tí a lò sì di pàǹtí síbẹ̀. Barry Trost ti Yunifásítì Stanford ni ó gbé òṣùwọ̀n tí ó tú àṣírí yìí jáde ní 1991. A ó pè é ní ìṣúnlò átọ̀mù:

Ìṣúnlò átọ̀mù (%) = ìwúwo mólékù èso ÷ àpapọ̀ ìwúwo mólékù gbogbo èròjà × 100

Àwọn ìwúwo wọ̀nyí ni a ó mú láti inú ìdọ́gba tí ó ti bára mu. Ohun tí òṣùwọ̀n yìí ń béèrè ni pé: nínú gbogbo átọ̀mù tí ó wọ inú ìkòkò, mélòó ni ó parí sínú èso tí à ń wá?

A lè fi aránṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Àwòrán tí ó fẹ́ gé sórí aṣọ ti pinnu ìwọ̀n èékìrí tí yóò ṣẹ́ kù kí ó tó mú sísọ́ọ̀sì. Ìyẹn ni ìṣúnlò átọ̀mù. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti já gaara tó lórí àwòrán náà ni ìdá èso. Aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká kò lè fi ọgbọ́n ọwọ́ gba aṣọ tí àwòrán burúkú ti fi ṣòfò là.

Ìyípadà tí èròjà méjì ti so pọ̀ di ọ̀kan, láìsí ohun tí ó já kúrò lára wọn, ní ìṣúnlò átọ̀mù 100%. Irú rẹ̀ ni kí háídírójìn so mọ́ ethene kí ó di ethane. Ìyípadà tí a mọ̀ sí Wittig jìnnà sí èyí. Bí a bá fi í sọ cyclohexanone (ìwúwo 98) di methylenecyclohexane (ìwúwo 96), èròjà tí ó ní phosphorus nínú tí a ó fi ṣe é ní ìwúwo 276. Àpapọ̀ èròjà jẹ́ 374, ìṣúnlò átọ̀mù sì jẹ́ 96 ÷ 374, ìyẹn nǹkan bí 26%. Kódà bí iṣẹ́ náà kò bá ní àbùkù kankan, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwúwo tí a rà ni yóò di triphenylphosphine oxide tí à ń kó dànù.

Ìṣúnlò átọ̀mù ní àǹfààní ńlá kan: a lè ṣírò rẹ̀ lórí ìwé kí a tó ṣí ìgò kankan. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ka sọ́fẹ́ǹtì, ìyẹn olómi tí a fi ń yọ́ èròjà, kò ka kátálíìsì, ìyẹn ohun tí ń mú kí ìyípadà yára, kò ka àpọ̀jù èròjà, kò sì ka omi tí a fi fọ èso.

3. Òṣùwọ̀n E àti òṣùwọ̀n PMI

Roger Sheldon, onímọ̀ kẹ́mísìrì tí ó ṣiṣẹ́ ní Netherlands, gbé òṣùwọ̀n E jáde ní 1992. Kò wo ìdọ́gba. Pàǹtí gan-an ni ó ń wọ̀n:

E = ìwúwo gbogbo pàǹtí ÷ ìwúwo èso

E tí ó jẹ́ 0 ni ó dára jù, nítorí pé kò sí pàǹtí kankan níbẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ti ń ga ni ìfiṣòfò ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ phloroglucinol wà lára ohun tí ó ta Sheldon jí. Iléeṣẹ́ kan ní Netherlands ń ṣe é láti inú TNT, èròjà tí a mọ̀ mọ́ ohun abúgbàù. Wọ́n ń lo potassium dichromate àti ásíìdì sulphuric, lẹ́yìn náà irin àti ásíìdì hydrochloric. Kílò kan phloroglucinol ń fi nǹkan bí kílò 40 pàǹtí líle sílẹ̀, iyọ̀ chromium, iyọ̀ irin àti iyọ̀ ammonium ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Owó tí wọ́n ń ná láti palẹ̀ pàǹtí náà mọ́ pọ̀ débi pé iṣẹ́ náà kò mú èrè wá mọ́.

Nígbà tí Sheldon fi òṣùwọ̀n E wé ẹ̀ka iléeṣẹ́ kẹ́míkà oríṣiríṣi, ohun tí ó rí nìyí:

– ìfọ̀mọ́ epo rọ̀bì: ó kéré sí 0.1
– kẹ́míkà tí à ń ṣe ní ọ̀pọ̀ yanturu: láti ìsàlẹ̀ 1 títí dé 5
– kẹ́míkà àkànṣe: láti 5 dé 50, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ
– oògùn: láti 25 dé 100, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ

Ìdí tí ti oògùn fi ga ni pé mólékù oògùn díjú. Ìpele rẹ̀ pọ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ń béèrè sọ́fẹ́ǹtì àti ìfọ̀mọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra níbí. Nọ́ńbà kékeré kò túmọ̀ sí pàǹtí kékeré. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù epo ni à ń fọ̀ lọ́dún, nítorí náà 0.1 lórí rẹ̀ lè jẹ́ òkè pàǹtí. Òṣùwọ̀n E ń sọ bí iṣẹ́ kan ti mọ́ tó lórí kílò kan. Kò sọ iye tí ilẹ̀ ayé gbà lápapọ̀.

Òṣùwọ̀n tí ó sún mọ́ E jù ni PMI. Ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ oògùn tí ó wà lábẹ́ Green Chemistry Institute ti American Chemical Society ni ó sọ ọ́ di òṣùwọ̀n àjùmọ̀lò:

PMI = ìwúwo gbogbo ohun tí a lò ÷ ìwúwo èso

Bí a bá ka ohun kan náà nínú méjèèjì, PMI jẹ́ E tí a fi 1 kún. Àwọn iléeṣẹ́ fẹ́ràn PMI nítorí pé ohun tí ó wọlé rọrùn láti wọ̀n ju ohun tí ó jáde lọ.

4. Àpẹẹrẹ ìṣírò: aspirin

Aspirin jẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́. Ásíìdì salicylic (138) àti acetic anhydride (102) yóò di aspirin (180) àti ásíìdì acetic (60).

Ìṣúnlò átọ̀mù = 180 ÷ (138 + 102) × 100 = 75%

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan lo ásíìdì salicylic gíráàmù 13.8, acetic anhydride gíráàmù 20.4 (ìlọ́po méjì ohun tí ìdọ́gba béèrè), ásíìdì phosphoric gíráàmù 1.0 gẹ́gẹ́ bí kátálíìsì, ẹ́tánọ́ọ̀lù gíráàmù 30.0 láti yọ́ èso kí ó lè dì padà ní mímọ́, àti omi gíráàmù 80.0. Ká ní aspirin tí ó rí gbà jẹ́ gíráàmù 14.4.

Ìdá èso: gíráàmù 18.0 ni ó yẹ kí ó rí, nítorí náà 14.4 ÷ 18.0 = 80%.

Ìwúwo èso lórí ìwúwo èròjà méjèèjì: 14.4 ÷ 34.2 = 42.1%. Ohun tí ó fà á wálẹ̀ láti 75% ni àpọ̀jù acetic anhydride àti èso tí ó sọnù.

E láìka omi: ohun tí ó wọlé jẹ́ gíráàmù 65.2, pàǹtí jẹ́ 65.2 − 14.4 = 50.8; E = 50.8 ÷ 14.4 = 3.5.

E pẹ̀lú omi: (145.2 − 14.4) ÷ 14.4 = 9.1. PMI = 145.2 ÷ 14.4 = 10.1.

Ìkòkò kan náà, ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ lè jẹ́ 80%, 75%, 42%, 3.5 tàbí 9.1. Kò sí irọ́ nínú èyíkéyìí. Ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáhùn ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀nà méjì wéra gbọ́dọ̀ sọ ààlà ìṣírò rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀: ṣé a ka omi? Ṣé a ka sọ́fẹ́ǹtì tí a gbà padà tí a sì tún lò? Láti orí èròjà wo ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Bí a bá ka omi fún ọ̀nà kìíní tí a kò kà á fún èkejì, ìdájọ́ náà kò ní ìtumọ̀.

5. Ọ̀nà méjì sí ibuprofen

Ibuprofen, oògùn ara ríro àti ibà, ti inú iṣẹ́ ìwádìí iléeṣẹ́ Boots ní Nottingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde. Stewart Adams àti John Nicholson wà nídìí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ọ̀nà tí Boots kọ́kọ́ ń gbà ṣe é ní ìpele mẹ́fà. Bí a bá ro gbogbo èròjà tí ó wọ ìdọ́gba ìpele mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ìwúwo wọn jẹ́ 514.5, ibuprofen fúnra rẹ̀ jẹ́ 206. Ìṣúnlò átọ̀mù jẹ́ 40%. Lójú ìdọ́gba nìkan, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ni a dà nù.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ tí a mọ̀ sí BHC gbé ọ̀nà ìpele mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ìlú Bishop, ìpínlẹ̀ Texas, ní 1992. Isobutylbenzene (134), acetic anhydride (102), háídírójìn (2) àti carbon monoxide (28) ni ó wọlé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 266. 206 ÷ 266 jẹ́ 77%. Ohun kan ṣoṣo tí ó já kúrò ni ásíìdì acetic, èyí tí ó ṣeé gbà padà tí ó sì ṣeé tà. Bí a bá kà á mọ́ èso, nọ́ńbà náà súnmọ́ 100%. Ọ̀nà yìí gba ẹ̀bùn ààrẹ Amẹ́ríkà fún kẹ́mísìrì aláwọ̀ ewé ní 1997.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni iye ìpele. Bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá ń fúnni ní ìdá èso 90%, ìpele mẹ́fà yóò fi nǹkan bí 53% sílẹ̀, ìpele mẹ́ta yóò fi nǹkan bí 73% sílẹ̀. Dídín ìpele kù ni ọ̀nà tó dájú jù láti dín pàǹtí kù.

Èkejì ni ohun tí 40% yẹn kò kà. Aluminium chloride ni Boots ń lò ní ìpele àkọ́kọ́. Orúkọ kátálíìsì ni à ń pè é, nítorí náà kò wọ ìṣírò ìṣúnlò átọ̀mù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe díẹ̀ ni a nílò, kò sì ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ó máa ń bá omi dàpọ̀ di pàǹtí. Òṣùwọ̀n E yóò rí i. Ìṣúnlò átọ̀mù kò ní rí i.

Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀nà BHC fi hydrogen fluoride rọ́pò aluminium chloride. Wọ́n ń gba èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ padà láti tún un lò, nítorí náà pàǹtí rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n hydrogen fluoride jẹ́ èròjà tí ń jẹ ẹran ara débi egungun, iléeṣẹ́ tí ó bá ń lò ó sì gbọ́dọ̀ ní ìṣọ́ra tó nípọn. Òṣùwọ̀n ìwúwo yin ọ̀nà yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ewu yìí kò hàn nínú nọ́ńbà kankan tí a ti kà títí di ibí.

6. Sọ́fẹ́ǹtì: ibi tí pàǹtí pọ̀ sí jù

Nínú iṣẹ́ oògùn, sọ́fẹ́ǹtì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó wọ ìkòkò. Ó ju ìdajì gbogbo ìwúwo náà lọ. Èròjà tí yóò di oògùn gan-an kéré níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tún ọ̀nà kan ṣe kí ó kọ́kọ́ wo sọ́fẹ́ǹtì rẹ̀, kí ó béèrè iye rẹ̀ àti irú rẹ̀.

Ní ti iye, ọ̀nà tí iléeṣẹ́ Pfizer gbà tún ìṣẹ̀dá oògùn sertraline ṣe jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Wọ́n sọ ìpele mẹ́ta di ọ̀kan, wọ́n sì fi ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan rọ́pò sọ́fẹ́ǹtì mẹ́rin. Sọ́fẹ́ǹtì tí wọ́n ń lò fún tọ́ọ̀nù kan sertraline wálẹ̀ láti 60,000 gálọ́ọ̀nù sí 6,000. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2002.

Ní ti irú rẹ̀, iléeṣẹ́ oògùn ńláńlá ti ṣe ìwé atọ́nà tí ó pín sọ́fẹ́ǹtì sí àwọ̀ mẹ́ta bí iná ojú pópó. Omi, ẹ́tánọ́ọ̀lù, acetone àti ethyl acetate wà lára àwọn aláwọ̀ ewé tí a lè lò. Toluene, acetonitrile àti tetrahydrofuran wà láàárín: kí a lò wọ́n bí kò bá sí òmíràn. Benzene, carbon tetrachloride, chloroform, dichloromethane àti hexane jẹ́ aláwọ̀ pupa. Benzene ń fa jẹjẹrẹ; carbon tetrachloride ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń ba ìpele ozone ojú ọ̀run jẹ́; hexane ń ba iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára jẹ́. Heptane, tí ó jọ hexane lọ́pọ̀ ọ̀nà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe irú ìbàjẹ́ yẹn fún iṣan, ni a sábà fi ń rọ́pò rẹ̀.

7. Ohun tí ìwúwo kò lè sọ

Kílò kan iyọ̀ tí a fi ń sebẹ̀ àti kílò kan iyọ̀ chromium olóró dọ́gba lójú òṣùwọ̀n E. Sheldon fúnra rẹ̀ rí àléébù yìí, ó sì dábàá pé kí a sọ E di ìlọ́po Q, nọ́ńbà tí ń tọ́ka sí bí pàǹtí ti burú tó. Ó fún iyọ̀ lásán ní 1, ó sì fún iyọ̀ irin olóró ní nọ́ńbà láti 100 dé 1,000. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n Q kò rọrùn láti fìdí múlẹ̀, nítorí pé ìpalára èròjà wà lọ́wọ́ ibi tí ó dé àti ohun tí ó bá pàdé níbẹ̀.

Ìtàn carbaryl fi hàn bí àléébù yìí ti lè tó. Oògùn apakòkòrò ni carbaryl. Èròjà mẹ́ta ni iléeṣẹ́ Union Carbide ní Bhopal, ilẹ̀ Íńdíà, fi ń ṣe é: methylamine (31), phosgene (99) àti naphthol (144). Wọ́n kọ́kọ́ ń da méjì àkọ́kọ́ pọ̀, kí ó di methyl isocyanate. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi naphthol sí i. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù methyl isocyanate ni wọ́n kó pa mọ́ sínú táńkì. Ní òru ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, 1984, omi wọ inú táńkì kan, gáàsì methyl isocyanate sì tú sórí ìlú. Ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó sì sọ ọ̀pọ̀ tí kò kú di aláìlera títí ayé.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà dé ibi kan náà: kí phosgene kọ́kọ́ pàdé naphthol, kí methylamine wá gbẹ̀yìn. Lọ́nà yìí, methyl isocyanate kò ní jáde rárá. Èròjà mẹ́ta kan náà ni. Àpapọ̀ ìwúwo jẹ́ 274 nínú méjèèjì, carbaryl jẹ́ 201, ìṣúnlò átọ̀mù sì jẹ́ 73% fún ọ̀nà kìíní àti fún ọ̀nà kejì. Òṣùwọ̀n náà kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀mí àti ikú. Phosgene ṣì wà nínú ọ̀nà kejì, ó sì léwu púpọ̀, nítorí náà òun náà kò tíì mọ́. Ṣùgbọ́n ó mú èròjà burúkú kan kúrò pátápátá.

8. EcoScale: ìdájọ́ fún yàrá àyẹ̀wò

Ní 2006, Van Aken, Strekowski àti Patiny gbé EcoScale jáde, òṣùwọ̀n tí ó da ìdá èso, owó, ewu àti ìnira iṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máàkì 100, a ó sì máa yọ máàkì kúrò fún àléébù rẹ̀:

– ìdá èso: ìdajì ohun tí ó dín ní 100
– owó èròjà: 0, 3 tàbí 5
– ewu: 5 fún olóró, fún èyí tí ń tètè gbaná àti fún èyí tí ó léwu fún àyíká, 10 fún èyí tí ń bú gbàù, èyí tí oró rẹ̀ le gan-an tàbí èyí tí iná rẹ̀ yá jù
– irinṣẹ́: láti 0 dé 3
– ooru àti àkókò: 0 fún iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan láìgbé e kaná, 2 fún gbígbé e kaná fún ohun tí kò tó wákàtí kan, 3 bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, 4 tàbí 5 bí a bá ní láti mú un tutù dé 0 °C tàbí kọjá bẹ́ẹ̀
– ìfọ̀mọ́: 0 fún sísẹ́ lásán, 1 fún mímú kí èso dì padà, 3 fún sísè é di oru kí a tó mú un tutù, 10 fún kromatógíráfì

Iṣẹ́ tí máàkì rẹ̀ ju 75 lọ dára gan-an. Èyí tí ó ju 50 lọ ṣeé gbà. Èyí tí kò tó 50 kò kúnjú òṣùwọ̀n.

Fún aspirin tí a ṣírò lókè: ìdá èso 80% yọ 10, ẹ́tánọ́ọ̀lù tí ń tètè gbaná yọ 5, acetic anhydride tí oru rẹ̀ jẹ́ oró fún ẹni tí ó bá fà á símú yọ 5, gbígbé e kaná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yọ 2, mímú un dì padà yọ 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 23, máàkì tí ó kù sì jẹ́ 77.

EcoScale yára, ó sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ka àmì tí ó wà lára ìgò. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó yan máàkì wọ̀nyí. Kò sí òfin ìṣẹ̀dá tí ó sọ pé kromatógíráfì burú ní ìlọ́po méjì ju májèlé lọ. EcoScale kò sì ka iye sọ́fẹ́ǹtì tí a lò.

9. Láti orísun èròjà títí dé òpin rẹ̀

Gbogbo òṣùwọ̀n tí a ti mẹ́nu bà dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò tàbí iléeṣẹ́. Ṣùgbọ́n èròjà kọ̀ọ̀kan ní ìtàn kí ó tó dé ibẹ̀, iná mànàmáná tí a lò sì ní orísun tirẹ̀. Àyẹ̀wò láti orísun dé òpin ni ó ń wo gbogbo èyí. Ìlànà àgbáyé ISO 14040 àti ISO 14044 pín in sí ipa mẹ́rin: sísọ ète àti ààlà, kíka gbogbo ohun tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, ṣíṣírò ìpalára wọn, bíi ìmóoru ayé, ìbàjẹ́ omi àti oró fún ènìyàn, àti títúmọ̀ àbájáde.

Ásíìdì adipic, tí a fi ń ṣe náílọ́ọ̀nù, fi ìdí àyẹ̀wò yìí hàn. Ọ̀nà tí iléeṣẹ́ sábà ń gbà ni láti fi ásíìdì nitric ṣe é, gáàsì nitrous oxide sì ń bá a jáde. Agbára tí kílò kan gáàsì yìí ní láti mú ayé móoru láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 273 ti carbon dioxide. Òṣùwọ̀n E yóò kà á bí kílò kan pàǹtí lásán. Ní 1998, Ryoji Noyori àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé a lè lo hydrogen peroxide dípò ásíìdì nitric, kí omi nìkan máa bá a jáde. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n hydrogen peroxide náà kì í hù lórí igi: iléeṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe é, pẹ̀lú háídírójìn, sọ́fẹ́ǹtì àti agbára, mólékù mẹ́rin rẹ̀ ni a sì nílò fún mólékù kan ásíìdì adipic. Ìdájọ́ tí kò bá ka ìrìn àjò peroxide náà kò tíì pé.

Bákan náà ni ti èròjà tí ó ti inú oko wá. Èròjà láti ara ewé tàbí igi lè hù padà, ṣùgbọ́n ilẹ̀, omi àti ajílẹ̀ tí ó gbà wà lára ìṣírò. Kì í ṣe orísun rẹ̀ nìkan ni yóò sọ bóyá ó sàn.

Ohun tí ó mú àyẹ̀wò yìí le ni pé ó ń béèrè ìsọfúnni púpọ̀ tí iléeṣẹ́ kì í sábà tú síta. Nítorí náà, à ń fi í pa mọ́ fún ìgbà tí ọ̀nà tí ó kù lórí tábìlì kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ.

10. Ìlànà fífi ọ̀nà méjì wéra

1. Pinnu ohun tí a fi ń wéra: kílò kan èso, tí ó mọ́ dé ìwọ̀n kan náà nínú ọ̀nà méjèèjì.
2. Kọ ìdọ́gba gbogbo ìpele, kí o sì ṣírò ìṣúnlò átọ̀mù. Ọ̀nà tí ó bá ti já kulẹ̀ níbí kò ní àtúnṣe nínú ọgbọ́n ọwọ́.
3. Sọ ààlà: ohun tí a ka àti ohun tí a kò ka. Ṣírò E tàbí PMI, pẹ̀lú omi àti láìka omi.
4. To sọ́fẹ́ǹtì sí àwọ̀ mẹ́ta, kí o sì wá ohun tí a lè fi rọ́pò èyí tí ó bá jẹ́ pupa.
5. Kọ ewu gbogbo èròjà sílẹ̀, àti ti èyí tí ń jáde láàárín ìpele, nítorí pé methyl isocyanate Bhopal kò sí nínú èròjà ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí nínú èso.
6. Wo agbára: ooru, ìtútù, ìfúnpá àti wákàtí iṣẹ́.
7. Fún ọ̀nà tí ó bá ṣẹ́ kù, ṣe àyẹ̀wò láti orísun dé òpin.
8. Kọ ìdájọ́ pẹ̀lú gbogbo nọ́ńbà, má ṣe mú èyí tí ó wuyì nìkan.

Nígbà mìíràn, ọ̀nà kìíní yóò borí nínú ìwúwo, èkejì yóò sì borí nínú ewu. Níbẹ̀, nọ́ńbà kò lè ṣe ìpinnu fún ènìyàn. Iṣẹ́ òṣùwọ̀n ni láti jẹ́ kí ohun tí à ń fi sílẹ̀ àti ohun tí à ń gbà hàn kedere, kí ẹni tí yóò mu omi odò náà àti ẹni tí yóò dúró ti ìkòkò lè wà nínú ìrònú ẹni tí ń pinnu.

Ìdánrawò

1. Ẹ́tánọ́ọ̀lù (46) àti ásíìdì acetic (60) di ethyl acetate (88) àti omi (18). Ṣírò ìṣúnlò átọ̀mù rẹ̀. Kí ni ìwà pàǹtí rẹ̀ sọ fún ọ tí nọ́ńbà náà kò sọ?
2. Iléeṣẹ́ kan lo kílò 620 ohun èlò láti ṣe kílò 20 oògùn. Wá PMI àti E rẹ̀.
3. Ṣàlàyé ìdí tí ìṣúnlò átọ̀mù fi dọ́gba fún ọ̀nà méjèèjì tí a lè gbà ṣe carbaryl, kí o sì dárúkọ òṣùwọ̀n tàbí ìgbésẹ̀ tí yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn.
4. Tún àpẹẹrẹ aspirin ṣírò, ṣùgbọ́n ká ní akẹ́kọ̀ọ́ náà gba gíráàmù 24 padà nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, ó sì tún un lò. Kí ni E rẹ̀ láìka omi?
5. Mú ìyípadà kẹ́míkà kan tí o ti ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò, kí o sì fún un ní máàkì EcoScale. Ìyípadà kan ṣoṣo wo ni yóò gbé máàkì náà ga jù?